Oúnjẹ Ọ̀dọ́ Tí Ó Ń Gbé Irin: Ẹ̀kọ́ Láti Orí Àtẹ Ọjà Olúwo

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí oúnjẹ. Ìbéèrè tí ó bí i ni èyí tí àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbé irin ní Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú máa ń bi wá ní ilé-kéwú: kí ni kí ènìyàn máa jẹ tí iṣan rẹ̀ yóò fi tóbi, tí ara rẹ̀ yóò fi le, tí ikùn rẹ̀ kò sì ní yọ síwájú? Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbọ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa ni pé kí wọ́n lọ ra agolo páúdà tí ó ti òkè òkun wá, tàbí kí wọ́n lọ gba abẹ́rẹ́. Èyí ni ó jẹ́ kí a gbé gègé. Owó tí ọmọ iṣẹ́ ọwọ́ fi ń ra agolo kan lè bọ́ ilé rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí ó ń wá nínú agolo náà wà lórí àtẹ àwọn ìyá wa ní Ọjà Olúwo.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí iṣan ṣe ń dàgbà. Nígbà tí ènìyàn bá gbé ohun tí ó wúwo, ìbáà ṣe irin gidi tàbí agolo méjì tí a da sìmẹ́ńtì sí tí a fi páìpù so pọ̀, iṣan rẹ̀ yóò ṣiṣẹ́ kọjá bí ó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Lẹ́yìn iṣẹ́ náà, nígbà tí ó bá ń sinmi àti nígbà tí ó bá ń sùn, ara yóò máa tún iṣan náà mọ, yóò sì mọ ọ́n nípọn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Èròjà tí ara fi ń mọ ọ́n ni protéènì, tí àwọn ìwé ìlera wa ń pè ní amúaradàgbà. Ẹni tí ó ń gbé irin tí kò jẹ amúaradàgbà tó dà bí ẹni tí ó pe bíríkìlà wá sí ilé tí kò ní búlọ́ọ̀kù. Ẹni tí ó sì ń jẹ ẹ́ tí kò gbé irin, búlọ́ọ̀kù kún ilẹ̀ rẹ̀, kò sí bíríkìlà.

Èló ni kí a jẹ? Ohun tí àwọn onímọ̀ ń sọ ni pé ẹni tí ń gbé irin nílò nǹkan bíi gíráàmù 1.6 amúaradàgbà lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ó wọ̀n. Ọ̀dọ́ tí ó wọn kílò 65 yóò nílò nǹkan bíi gíráàmù 104. Ẹran ẹja tí a ti sè, gíráàmù 100 rẹ̀ ní nǹkan bíi 20, nígbà mìíràn ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyin kan ní 6. Ẹ̀wà gbígbẹ, gíráàmù 100 rẹ̀ kí a tó sè é ní nǹkan bíi 23. Bí ọ̀dọ́ yìí bá jẹ mọ́ínmọ́ín tí a fi ẹ̀wà gíráàmù 80 ṣe pẹ̀lú ẹyin méjì láàárọ̀, tí ó jẹ ẹja gíráàmù 200 lọ́sàn-án, tí ó tún jẹ ìwọ̀n ẹ̀wà kan náà pẹ̀lú ẹja gíráàmù 100 lálẹ́, ó ti pé. Kò sí agolo kankan nínú rẹ̀. (Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò bá dá ṣáṣá, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà kí ó tó fi kún amúaradàgbà tí ó ń jẹ.)

Ẹni tí kò bá dé Ọjà Olúwo rí, kí ó lọ ní òwúrọ̀. Ẹja láti inú ọ̀sà àti odò ni ó ń kún ibẹ̀. Yóò rí àrọ̀ tí ó ṣì ń ta pọ́ún-pọ́ún nínú abọ́, yóò rí ẹpìyà, òbòkún, edé, àti ẹja yíyan tí wọ́n tò sórí àtẹ. Gbogbo wọn ni ó dára, ṣùgbọ́n wọn kò rí bákan náà. Ẹpìyà kò ní ọ̀rá púpọ̀ rárá, nítorí náà òun ni a máa ń sọ fún ẹni tí ó fẹ́ kí ikùn òun fà wọlé. Àrọ̀, pàápàá èyí tí a sìn nínú adágún tí a ń fún ní oúnjẹ, ní ọ̀rá jù ú lọ. Kò burú, àfi kí a mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹja yíyan tí ó gbẹ dáadáa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Nítorí pé omi ti kúrò lára rẹ̀, ó lè tó ìdajì rẹ̀ tí ó jẹ́ amúaradàgbà nìkan, nítorí náà ẹyọ kékeré tí a fi sínú ọbẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ẹja tútù ńlá. Ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ tegungun-tegungun sì tún ń fi kún eegun àwa tí a ń jẹ ẹ́. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin a máa tijú láti ra ẹja wẹ́wẹ́, wọn a ní oúnjẹ arúgbó ni. Àwa kò rí ìtìjú kankan nínú rẹ̀. Ẹja kò sì ní ká wádìí ẹni tí ó dú u, ìrọ̀rùn ńlá ni èyí jẹ́ fún wa. Ní ti ìgbín tí wọ́n ń tà níbẹ̀, àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ní ìyapa lórí rẹ̀. A fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn.

Ibi tí a ti ń ba ẹja náà jẹ́ ni inú ìkòkò òróró. Ṣíbí òróró ńlá kan ní nǹkan bíi kálórì 120, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara. Ẹpìyà tí a dín nínú òróró gbígbóná, tí a tún fi sínú ọbẹ̀ tí epo léfòó lórí rẹ̀, kì í ṣe ẹpìyà tí a ń sọ mọ́. Sè é, tàbí yan án.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ òkèlè. Àwọn kan gbà pé òkìtì ẹ̀bà ni ó ń gbé irin. Gaàrí gíráàmù 100 ní nǹkan bíi kálórì 350, ṣùgbọ́n amúaradàgbà inú rẹ̀ kò ju gíráàmù kan sí méjì lọ. A kò sọ pé kí ẹ má jẹ ẹ̀bà. Ẹni tí kò jẹ òkèlè kò ní rí agbára tí yóò fi gbé irin náà. Ṣùgbọ́n àfikún tí iṣan nílò láti dàgbà kéré sí bí a ti rò: kálórì 250 sí 300 lójúmọ́ lórí èyí tí a ń jẹ tẹ́lẹ̀ ti tó, ìyẹn sì tó gaàrí bíi gíráàmù 80 péré. Ohun tí ó bá kọjá rẹ̀, ara kì í sọ ọ́ nù, ọ̀rá ni ó ń fi í ṣe. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tí ó bá fi bíi kílò kan kún ìwọ̀n ara rẹ̀ lóṣù kan, ó ń ṣe dáadáa. Kí ó yá tépù télọ̀, kí ó máa wọn ìbàdí rẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Bí ìbàdí bá ń yára fẹ̀ ju apá àti àyà lọ, kí ó dín òkèlè, epo àti míńírà kù, kí ó má dín ẹja.

Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ìbẹ̀rù tí a ń gbọ́ ni pé obìnrin tí ó bá gbé irin yóò rí bí ọkùnrin. Èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ó ń mú iṣan ọkùnrin tóbi kéré gan-an lára obìnrin, nítorí náà agbára ni ó máa ń kọ́kọ́ dé. Ní ọdún 2022, níbi ìdíje Commonwealth ní Birmingham, Adijat Adénìkẹ́ Ọlárìnóyè gba wúrà nínú ìsọ̀rí kílò 55. Ó gbé kílò 92 lẹ́ẹ̀kan náà sókè orí, lẹ́yìn náà ó gbé 111, tí ó jẹ́ ìlọ́po méjì ìwọ̀n ìsọ̀rí rẹ̀. Rafiatu Fọláṣadé Lawal náà gba wúrà ní kílò 59. Kílò 90 àti 116 ni ó gbé. Ẹni tí ó bá wọn ju 55 lọ kò lè díje ní kílò 55, èyí túmọ̀ sí pé agbára yìí kò ti inú sísanra wá.

Nísinsìnyí, abẹ́rẹ́ àti oògùn. Àwọn oògùn kan wà tí wọ́n ń tà fún ọ̀dọ́ pé yóò mú wọn sanra. Méjì tí ó wọ́pọ̀ ni cyproheptadine àti dexamethasone. Àkọ́kọ́ jẹ́ oògùn ara yíyún. Ó ń mú ebi pa ènìyàn, ó sì ń mú un sùn. Èkejì ló burú jù fún ẹni tí ń wá iṣan, nítorí bí a bá ń lò ó pẹ́, ńṣe ni ó ń jẹ iṣan run, tí ó ń kó ọ̀rá sí ikùn, tí ojú yóò wú roboto. Àwọn ènìyàn yóò wá máa sọ pé ara onítọ̀hún ti dáa! Abẹ́rẹ́ tí ń mú iṣan tóbi ní tòótọ́ náà ń sọ fún ara ọkùnrin pé kí ó má ṣe èròjà ọkùnrin tirẹ̀ mọ́. Kórópọ̀n lè súnkì, ọmọ bíbí lè di ìṣòro, ọkàn sì lè bàjẹ́. Ní ọdún 2014, ní Glasgow, ọmọbìnrin Nàìjíríà kan, ọmọ ọdún 16, gba wúrà ní kílò 53. Wọ́n rí oògùn tí ń lé omi jáde nínú ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n sì gba wúrà náà padà. A kò ní dárúkọ rẹ̀, ọmọdé ni nígbà náà, àwọn àgbàlagbà sì wà yí i ká. Ní ti páúdà àti kóró oògùn tí kò ní irú ewu yìí, ẹ wo ara agolo rẹ̀ dáadáa: gelatin tí wọ́n fi ń ṣe èèpo àwọn kóró kan lè jẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀.

Àwọn kan bi wá pé ṣé hadith tí Tirmidhī gbà wá, èyí tí ó pín ikùn sí ìdá mẹ́ta fún oúnjẹ, omi àti èémí, kò ní dí àwọn lọ́wọ́. Kò ní dí wọn. Bí ènìyàn ṣe ń jẹun lẹ́ẹ̀kan ni ó ń sọ, ara pàápàá sì ń lo amúaradàgbà dáadáa bí a bá pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ju kí a dì í sínú oúnjẹ alẹ́ kan lọ.

Nínú Ramadan, ẹ má gbé irin tí ó wúwo lọ́sàn-án. Wákàtí kan sí méjì lẹ́yìn ìṣínu, tàbí lẹ́yìn àṣámù, ni ó dára, nígbà tí omi ti wọ ara. Ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀ láti Mọ̀gáríbì títí di sààrì, kí sààrì náà sì ní ẹ̀wà, ẹyin tàbí ẹja nínú, nítorí àwọn wọ̀nyí ń pẹ́ nínú ikùn ju tíì àti búrẹ́dì lọ. Ẹni tí ó bá fi dàbínù àti omi ṣínu, kí ó kírun, lẹ́yìn náà kí ó jẹ ẹja rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan ẹ̀bà.