Waya Wà, Wi-Fi Wà, Síbẹ̀ Íntánẹ́ẹ̀tì Ń Wọ́

ÌBÉÈRÈ: Ìkẹ̀rẹ́ là ń gbé, kò jìnnà sí òkúta Olósunta. Ilé bàbá ọkọ mi ni, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́. Ọkọ mi fi búlọ́ọ̀kù kọ́ àfikún sí i, ilé kékeré kan sì wà lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ń sùn. Starlink là ń lò. Mo ra mesh, ìyẹn ẹ̀rọ Wi-Fi mẹ́ta tó ń bá ara wọn ṣiṣẹ́: ọ̀kan wà ní pálọ̀, ọ̀kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan nílé ẹ̀yìn. Oníṣẹ́ iná wa fa waya láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba ìta lọ sílé ẹ̀yìn, ó ní láti pálọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò nílò waya. Síbẹ̀, ọmọ mi tó wà ní Yunifásítì Bamidele Olumilua níbí kò rí ẹ̀kọ́ orí Zoom wò kó má dákú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àbúrò ọkọ mi ní ká yọ waya dànù, pé mesh kì í bá waya lò. Èwo ni ká ṣe?
— Ìyá Àwọn Ọmọ, Ìkẹ̀rẹ́-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ẹ bá mi kí àbúrò ọkọ yín, ṣùgbọ́n ẹ má gba ìmọ̀ràn yẹn. Ẹ yí mesh yín padà kẹ́ ẹ wo ìdí rẹ̀: ihò waya tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Waya àti afẹ́fẹ́ lè jọ ṣiṣẹ́ nínú ilé kan náà láìsí ìjà. Ibi tí waya yín gbà ló kù díẹ̀ káàtó.

Ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà. Ó ti ojú ọ̀run bọ́ sínú àwo Starlink, ó dé ọ̀dọ̀ ìyá ráútà ní pálọ̀. Láti pálọ̀, ó gba afẹ́fẹ́ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti wá wọnú waya lọ bá àwọn ọmọ. Ṣé ẹ rí i pé ibi tó nira jù, ìyẹn ògiri amọ̀ àtijọ́ tó nípọn, afẹ́fẹ́ lẹ dá a dá? Epo tí ò tíì kọjá nínú àrọ, kò sí bí agbè ìsàlẹ̀ ṣe lè fẹ̀ tó tí yóò fi kún. Waya ilé ẹ̀yìn kò lè gbé ju ohun tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń ta mesh kì í sọ. Ọ̀pọ̀ mesh tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, rédíò méjì ló ní, 2.4 GHz àti 5 GHz. 5 GHz yára, ṣùgbọ́n ògiri tètè ń dá a dúró. 2.4 GHz ń la ògiri já dáadáa ju ìyẹn lọ, àmọ́ kò yá nílẹ̀. Rédíò kan náà tí ẹ̀rọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi ń gba ọ̀rọ̀ láti pálọ̀ ló tún ń fi bá fóònù yín sọ̀rọ̀. Kò lè ṣe méjèèjì pọ̀, ó ní láti máa gbà á ṣe, nítorí náà bí ìdajì agbára rẹ̀ ló ń lọ sí i. Tí ẹ bá so ó mọ́ waya, gbogbo rédíò rẹ̀ á ṣẹ́ kù fún ẹ̀yin ará ilé.

Ohun tí màá ṣe bó bá jẹ́ ilé mi ni pé kí n ká waya tó wà níta yẹn gan-an wọlé, kí n fi so pálọ̀ mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilé ẹ̀yìn á wá máa gba ti afẹ́fẹ́. Ẹ gbé ẹ̀rọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ súnmọ́ fèrèsé ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ gbé ti àwọn ọmọ sí fèrèsé tó kọjú sí i. Ẹ má gbé e sókè àjà lábẹ́ páánù, irin kì í jẹ́ kí rédíò kọjá.

Ìdí mìíràn tó fi yẹ kí waya yẹn kúrò níta ni àrá. Ẹ mọ bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe máa ń bínú ní ilẹ̀ Èkìtì. Kò dìgbà tí mànàmáná bá bọ́ lu ilé yín. Bó bá bọ́ sí tòsí, iná lè ru gba inú waya bàbà tó nà láti ilé kan sí èkejì, kó jó ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ará Ìsẹ̀ àti Ẹmùré tí ilé wọn yí àgbàlá ká pé kí wọ́n má fa waya bàbà láti ilé kan sí èkejì. Ẹni tí kò bá lè ṣe é kó máà fa waya síta, kó lo fáíbà. Gíláàsì ni fáíbà, kì í gbé iná, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kékeré kan ní láti wà ní ìdí rẹ̀ méjèèjì. Ti pé kẹ́ ẹ rì í mọ́lẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó ti Olósunta mọ̀ pé wíwa kòtò níbẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ṣọ́bìrì.

Kẹ́ ẹ tó lo waya tẹ́ ẹ ká wọlé náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Waya tín-ín-rín mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, aláwọ̀ ọsàn, ewé, búlúù àti búráùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú èkejì rẹ̀ tó ní funfun lára. Àwọn oníṣẹ́ kan máa ń lo mẹ́rin péré. Yóò ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n kò ní kọjá 100 Mbps. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló ń gbé 1,000. Ẹ fi ọ̀bẹ họ ọ̀kan: bó bá funfun nínú, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà kùn ni, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà. Ti gígùn, ẹ fọkàn balẹ̀: Cat5e tàbí Cat6 gidi ń lọ tó 100 mítà.

Starlink ńkọ́? Láti ìgbà tó ti dé Nàìjíríà ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í rèé. Ráútà rẹ̀ àti ìyá mesh yín kò gbọ́dọ̀ jọ máa ṣe olórí ilé. Ẹ wọ áàpù Starlink, kẹ́ ẹ tan «bypass», Wi-Fi tirẹ̀ á dákẹ́, mesh á sì gba iṣẹ́. Bó bá jẹ́ ráútà Gen 2 lẹ ní, kò ní ihò waya, ẹ ó ra adapter rẹ̀ lọ́tọ̀. Gen 3 ní ihò méjì lẹ́yìn.

Ẹ tún so ẹ̀rọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ ínfátà tí Starlink wà lórí rẹ̀. Bí iná bá lọ, tí ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kú, ilé ẹ̀yìn ti bá a lọ nìyẹn, ẹ ó sì máa rò pé àwo òkè ló bàjẹ́.

Tó bá parí, ẹ ṣí áàpù mesh, kẹ́ ẹ tẹ orúkọ ẹ̀rọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. «Wired» tàbí «Ethernet» ló yẹ kó kọ síbẹ̀. Bó bá ṣì kọ «Wireless», ẹ má tíì san owó tó kù fún oníṣẹ́ iná.