Oúnjẹ ọ̀sán ọmọ ilé-ìwé: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti alẹ́

Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà Ikpinlè, iṣẹ́ ìyá pọ̀: ó ní láti pọnmi, kí ó wẹ ọmọ, kí ó sì di ẹrù ọjà. Bí ẹ̀wà kò bá tètè jiná, ọmọ á lọ sí ilé-ìwé láìgbé oúnjẹ dání. Bẹ́ẹ̀, ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Láti ọdún 2017, ètò kan wà tí ìjọba Benin fi ń fún ọ̀pọ̀ ọmọ ní oúnjẹ nílé-ìwé. Lọ́jọ́ tí wọn kò bá se oúnjẹ níbẹ̀, kí ni a ó ṣe?

Ní alẹ́:
1. Ẹ ṣa ẹ̀wà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mímọ́, kí ẹ sì dé e.
2. Ẹ kó igi gbígbẹ sábẹ́ òrùlé, kí òjò má baà pa á.
3. Ẹ fọ abọ́ ọmọ àti ọmọrí rẹ̀.

Ní òwúrọ̀:
1. Ẹ da omi àná nù. Ẹ fi omi mìíràn se ẹ̀wà, ẹ dé ìkòkò. Ẹ̀wà tí a ti rẹ máa ń tètè jiná, kì í sì í jẹ igi púpọ̀.
2. Kí ó tó jiná, ẹ wẹ àwọn ọmọ. Bàbá náà lè wẹ̀ wọ́n.
3. Ẹ bu ẹ̀wà gbígbóná sínú abọ́, ẹ dé e. Ẹ di gàrí lọ́tọ̀.

Ẹ ṣọ́ra! Ẹ má ṣe se ẹ̀wà lálẹ́ kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Bí kò tilẹ̀ tíì kan, ó lè fa ìgbẹ́ gbuuru.

Ìbéèrè: Iṣẹ́ wo ni ẹ lè parí lálẹ́ òní?