Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ṣílẹ̀kùn Python fúnra rẹ̀

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin oníṣòwò Kàbà tẹ́ ẹ ń fi Python ṣírò owó ọjà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Ká ní ètò tó ń kọ rìsíìtì àti èyí tó ń ka ẹrù wà lórí kọ̀ǹpútà kan náà. Bẹ́ ẹ bá pààrọ̀ irinṣẹ́ tí ọ̀kan ń lò, èkejì lè daṣẹ́ sílẹ̀ níṣojú oníbàárà. Ìdí nìyẹn tí Python fi ní venv láti ọdún 2012: kí ètò kọ̀ọ̀kan ní yàrá tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbàgbé láti ṣílẹ̀kùn yàrá náà kò tíì wọlé.

direnv ló máa ń wo fódà tẹ́ ẹ wà, táá sì ṣílẹ̀kùn fún yín. Lórí Ubuntu, ẹ tẹ èyí:

sudo apt install direnv python3-venv

Ẹ kọ èyí sí ìsàlẹ̀ fáìlì ~/.bashrc, kẹ́ ẹ sì ṣí shell tuntun:

eval "$(direnv hook bash)"

Nínú fódà iṣẹ́ yín, ẹ kọ èyí sínú fáìlì .envrc:

layout python3

Ẹ wá tẹ èyí:

direnv allow

Ẹ fi pip kó irinṣẹ́ yín sínú yàrá tuntun náà. Láti ìgbà náà lọ, bẹ́ ẹ bá ti wọ fódà, ilẹ̀kùn á ṣí. Bẹ́ ẹ bá jáde, á tì.

Àmọ́ ẹ má kánjú tẹ allow o. Fódà tẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ àlejò lè ní àṣẹ olè nínú. Ẹ ka .envrc rẹ̀ ná. Bí wọ́n bá yí i padà, direnv á tún gbàṣẹ lọ́wọ́ yín. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ló yẹ kó mọ ẹni tó ń fún ní kọ́kọ́rọ́.