Kí Ni Rédíò Ń Fi Àrokò Ṣe?

Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí rédíò ti sọ ọ́ di àṣà láti máa ní kí olùgbọ́ "fi àrokò ránṣẹ́" sórí fóònù ètò wọn. Ọ̀rọ̀ gbangba tí gbogbo ẹni tó mọ̀wé lè kà ni wọ́n ń bèèrè, àtẹ̀jíṣẹ́ sì wà nílẹ̀ fún un. Òótọ́ ni pé àtẹ̀jíṣẹ́ náà ní àbùkù tirẹ̀: ó ń pe iṣẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rán ní èyí tí a ti jẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni rírán yàtọ̀ sí jíjẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti borí, kò sẹ́ni tí yóò gbà á lẹ́nu ará ìlú mọ́.

Ohun tí a tò, tí a sì so láti fi ránṣẹ́, ni àrokò. Lọ́dún 1885, míṣọ́nnárì kan tó ń jẹ́ Gollmer ṣàlàyé irú rẹ̀ nínú ìwé àtìgbàdégbà kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Owó ẹyọ mẹ́fà lórí okùn: ẹ̀fà, ọkàn mi fà mọ́ ọ. Mẹ́jọ: ẹ̀jọ, a jọ fohùn ṣọ̀kan. Méjì tó kọjú síra, ìrẹ́pọ̀ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ọ̀tá dé. Ẹni tí kò mọ àdéhùn yìí yóò ka owó títí, kò ní rí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀.

Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà gan-an ni ọ̀rọ̀ náà, àrokò, yẹ. Àkọsílẹ̀ oníbàárà báǹkì, pẹ̀lú gbogbo ohun tó so mọ́ ọn, kò ṣeé gbé bó ṣe wà gba orí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní láti tú u palẹ̀, kí wọ́n tò ó ní báìtì tẹ̀ lé báìtì, kí kọ̀ǹpútà kejì tó tún kó o jọ. Java, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ti ní ọgbọ́n yìí nínú láti 1997. Nígbà mìíràn, ẹni tó rán an kì í dúró de èsì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ló ń bá lọ, bí ọba tó rán àrokò kì í ti í dúró sẹ́nu bodè.

Ẹlòmíràn yóò ní àṣírí ni àrokò, pé ti kọ̀ǹpútà kò ní àṣírí. Ṣùgbọ́n àdéhùn ni ìpìlẹ̀ àwọn méjèèjì. Àìmọ àdéhùn ló ń sọ ọ́ di àṣírí fún àlejò. Ìgbẹ́kẹ̀lé náà tún wà ńbẹ̀: àwọn tó ṣe Python, èdè ètò kọ̀ǹpútà mìíràn, kìlọ̀ pé kí a má ṣe tú pickle, ìyẹn irú àrokò ti Python, tí a kò fọkàn tán ọwọ́ tó dì í, nítorí àṣẹ búburú lè wà nínú rẹ̀. Torí irú èyí ni ìránṣẹ́ ọba ṣe ń mú ọ̀pá àṣẹ dání.

Nítorí náà, ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀wọ́, àtẹ̀jíṣẹ́ ni kí ẹ máa bèèrè lọ́wọ́ olùgbọ́ yín.