Bí A Ṣe Ń Fi Tíọ́rì Ìròyìn Yẹ Fíìmù Ṣaworoidẹ Wò

Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Lánlátẹ̀, tàbí ní Pólì Adéṣeun Ògúndoyin ní Èrúwà, ní ilẹ̀ Ìbàràpá, kò ní láti ré òkun kọjá kó tó rí fíìmù ìṣèlú tó lè fi tíọ́rì ìròyìn yẹ̀ wò. Ṣaworoidẹ wà nílẹ̀. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́, Túndé Kèlání ló darí rẹ̀. Ó jáde ní 1999, ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá. Ohun tó sábà ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́kọ́ to orúkọ àwọn ọ̀mọ̀wé jọ, á wá máa wọ́ fíìmù tẹ̀lé wọn. Fíìmù ló yẹ kó ṣáájú. Ìbéèrè ni tíọ́rì. Inú fíìmù ni kí o ti wá ìdáhùn.

1. Wo fíìmù náà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kíní, wò ó láìmú gègé dání. Lẹ́ẹ̀kejì, kọ ìṣẹ́jú tí ìran kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó sọ̀rọ̀ àti ẹni tí wọ́n pa lẹ́nu mọ́. Lẹ́yìn náà, sọ ẹ̀gbin tó wà nídìí ọ̀rọ̀ ní ṣókí: Lápité jọba ìlú Jogbo, ó kọ̀ láti sín gbẹ́rẹ́ májẹ̀mú tí kò ní jẹ́ kó lè kówó ìlú jẹ, òun àti àwọn ìjòyè sì ń gbowó lọ́wọ́ àwọn agégẹdú.

2. Mú tíọ́rì kan tàbí méjì péré nínú mẹ́ta yìí, kí o sì sọ ọ́ di ìbéèrè.

*Ta ló ń pinnu ohun tí ìlú yóò gbọ́?* Tíọ́rì aṣọ́bodè ìròyìn nìyí. David Manning White lò ó fún iṣẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn ní 1950. Kò sí ilé iṣẹ́ rédíò kan tó lágbára tó ìlù ní Jogbo. Ìdí nìyẹn tí ọkàn Lápité kò fi balẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ìlù ṣaworoidẹ kò sí níkàáwọ́ rẹ̀. Nígbà tí Lágàta, ológun tó fi ìbọn gbàjọba, dé adé láìsín gbẹ́rẹ́, ìlù yẹn náà ló pa á. Ọmọ Ìbàràpá tó ti gbọ́ bí onílù ṣe ń ki ọba láàfin yóò tètè rí ohun tí ọ̀mọ̀wé àjèjì lè fojú fò: onílù mọ ohun tí òun ń sọ, ó sì mọ èyí tí òun ń gbé mì.

*Báwo ni wọ́n ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀?* Ní 1993, Robert Entman to ohun mẹ́rin tí a ó wá nínú ìgbékalẹ̀ ọ̀rọ̀: ìṣòro, ohun tó fà á, ìdájọ́ àti àtúnṣe. Nínú Ṣaworoidẹ, ìṣòro ni májẹ̀mú tó já. Ojúkòkòrò ló fà á. Ọ̀dàlẹ̀ ni ọba. Àtúnṣe ni pípadà sí májẹ̀mú. Wàyí o, bi ara rẹ léèrè ohun tí kò sí níbẹ̀. Níbo ni ilé ẹjọ́ wà? Níbo ni ìdìbò wà?

*Kí ni òǹwòran rí?* Stuart Hall, ọmọ Jàmáíkà tó ṣiṣẹ́ ní Birmingham, sọ ní 1973 pé òǹwòran lè gba ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe fi ránṣẹ́, ó lè gba díẹ̀ kó fi díẹ̀ sílẹ̀, ó sì lè kọ̀ ọ́ pátápátá. Èyí kò ṣe é dá jókòó kọ. Fi fíìmù náà han bàbá àgbà kan ní Igbó-Ọrà, ọlọ́kadà kan àti akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ, kí o sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ gẹ́lẹ́.

3. Mọ ibi tí agbára tíọ́rì mọ. Ìròyìn tí wọ́n yẹ̀ wò àti ìdáhùn àwọn olùdìbò ni àwọn ọ̀mọ̀wé McCombs àti Shaw fi gbé tíọ́rì tiwọn kalẹ̀ ní 1972, pé ilé iṣẹ́ ìròyìn ló ń tọ́ka ọ̀rọ̀ tí aráàlú máa gbé yẹ̀ wò. Fíìmù kan ṣoṣo kò lè fi ìdí èyí múlẹ̀. Ohun tó lè ṣe ni kó fi hàn bí òwe Ọ̀pálábà, àgbà kan nínú fíìmù náà, kò ṣe jẹ́ kí ìwà ìbàjẹ́ ààfin di ohun ìgbàgbé.

4. Kọ ọ́. Jẹ́ kí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan ní èrò kan, ìran tó ti í lẹ́yìn, àti ohun tí tíọ́rì fi yé wa nípa ìran náà. Bí o bá parí, yọ gbogbo orúkọ ọ̀mọ̀wé kúrò. Bí àlàyé rẹ bá ṣì dúró, dá wọn padà. Bí ó bá wó, padà sínú fíìmù.

Lẹ́yìn èyí, bọ́ sórí Agogo Èèwọ̀ tó jáde ní 2002, níbi tí ọba tuntun ti fẹ́ kí àwọn ìjòyè búra. Lẹ́yìn rẹ̀, fi ìbéèrè kan náà gbọ́ ìròyìn nípa ìjọba ìbílẹ̀ rẹ: ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ni wọn kò bi léèrè, àtúnṣe wo ni wọn kò sì dárúkọ rárá?