Gìtá Àkọ́kọ́

Ẹ̀yin ará Òde-Mahin tí ẹ fẹ́ kọ́ gìtá, ẹ má tìtorí pé ó ń dán rà á. Èmi ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ọ̀gá ilé-ìwé sì ni mí nígbà náà o! Okùn rẹ̀ ga jù lórí ọrùn rẹ̀. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ìka mi a fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Lẹ́yìn oṣù méjì, mo gbé e kọ́ ara ògiri. Owó oṣù kan gbé.

Ẹ di ojú kan, kí ẹ wo ọrùn gìtá bí ẹni ń wò ó bóyá àjẹ̀ tọ́. Bí ó bá wọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Okùn 6 ni ó ní. Ti gìtá mìíràn jẹ́ irin. Ti òmíràn, 3 jẹ́ ọ̀rá lásán, bí ọ̀rá àwọ̀n ẹja. Wáyà tín-ín-rín ni a fi wé 3 yòókù. Èyí ni kí ẹ rà. Ó rọ ìka lọ́rùn, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ etí òkun sì máa ń tètè dípẹtà mọ́ irin. Ṣùgbọ́n ẹ má fi okùn irin sí gìtá ọlọ́ràá láé! Irin fà ju ọ̀rá lọ, yóò tú igi rẹ̀.

Àwọn kan á ní, "Iná mànàmáná ńkọ́?" Lóòótọ́, ní 1949, Àyìndé Bákàrè mú gìtá oníná wọ inú orin jùjú. Tiwa yìí kò fẹ́ iná. Ikùn rẹ̀ tó ṣófo ló ń gbé ohùn rẹ̀ jáde.

Ẹ ra àpò rẹ̀ pẹ̀lú. Inú ọkọ̀ ojú omi ni ẹ óò gbé e wálé.