Lọ́rì Bàbá Yín Lẹ́yìnkùlé

Ìbéèrè: Ọmọ Ṣakí ni mí, Ìbàdàn ni mo ń gbé. Bàbá wa fi lọ́rì kékeré onípákó kan sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé kí wọ́n tó dolóògbé. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti wà lójú kan. Àwọn kan ní Bedford ni, àwọn kan ní Austin ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fẹ́ tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, èmi ò fẹ́. Báwo la ṣe máa mọ irú ọkọ̀ tó jẹ́ àti ọdún tí wọ́n ṣe é? Ṣé ó ṣì lè dìde? Ibo la ó ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ogún bàbá yín. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n yín kí wọ́n fún wa ní oṣù mẹ́ta sí i. Irin ò ní jẹrà láàárín oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n bí àwọn onírin bá ti fi gáàsì gé ṣáàsí yẹn, kò sẹ́ni tó lè tò ó pọ̀ mọ́.

Mo mọ irú ọkọ̀ tí ẹ ń sọ. Bọ́lẹ̀kájà tó ń kó èrò ni, tàbí àbúrò rẹ̀ tó ń kó ẹrù. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ ohun tó ṣe fún wa ní Òkè-Ògùn. Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, ó gba Òṣogbo àti Ìlọrin kọjá lọ sí Òkè Ọya, kò yà sọ́dọ̀ wa. Iṣu, èlùbọ́ àti èédú tó kúrò ní Ṣakí, Ìgbòho, Òkèihò àti Ìsẹ́yìn, orí lọ́rì ni wọ́n gbà dé ọjà Ìbàdàn. Lọ́rì ni rélùwéè tiwa.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ọkọ̀ méjì ló wà nínú ọkọ̀ kan yẹn. Òyìnbó ló ṣe imú irin àti ṣáàsí. Káfíńtà tiwa ló kan gbogbo pákó tó gorí rẹ̀, àwọn átíìsì tiwa ló sì fọ̀dà kọ̀wé sí i lára. Irú irin iwájú yẹn, àìmọye ló jáde láti ilé iṣẹ́ kan náà. Pákó ẹ̀yìn yẹn, òun nìkan ni irú rẹ̀ láyé. Àwọn tó ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe níbí, iwájú ni wọ́n máa ń náwó sí, wọ́n á sì fi ẹ̀yìn dáná. Ìyẹn ló máa ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí.

Ẹ jẹ́ ká wá bẹ̀rẹ̀ láti imú. Bí orúkọ bá ṣì wà níwájú, ó ti tán: wọ́n máa ń to lẹ́tà BEDFORD gbọọrọ síbẹ̀, tàbí kí ẹ rí AUSTIN. Bí lẹ́tà bá ti já dànù, ẹ wo ihò tó fi sílẹ̀, kí ẹ kà wọ́n. Bedford jẹ́ ti Vauxhall ní ìlú Luton ní England, 1931 ni wọ́n kọ́kọ́ pe lọ́rì lórúkọ yẹn. Èyí tí imú rẹ̀ rí róbótó bí imú màlúù, tí wọ́n ń pè ní O, láti 1939 títí dé 1953 ni wọ́n fi ṣe é. Èyí tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa ni TJ: bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yọ síwájú, iná ńlá méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, 1958 ló sì bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá ní bọ́nẹ́ẹ̀tì rárá, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ìjókòó dírẹ́bà ni íńjìnnì wà, tí ẹ máa ṣí irin pẹlẹbẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ tó rí i, TK nìyẹn, 1960 ni tiẹ̀. Bí ẹ bá sì bá ìràwọ̀ Mercedes níwájú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 911, àwọn yẹn ṣì ń kó gẹdú àti gbágùúdá ní ọ̀nà Ìsẹ́yìn títí dòní.

Ẹ má ṣe tìtorí ìrísí nìkan sọ ọdún o. TJ yẹn, wọ́n ṣì ń ṣe é fún ilẹ̀ òkèèrè lẹ́yìn tí àwọn ará Britain fúnra wọn ti pa á tì. Ojú rẹ̀ lè dà bíi ti 1958 kó sì jẹ́ pé ogún ọdún lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe é. Ẹ̀rí mìíràn la máa fi wádìí rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni sítíárìn. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní apá òsì títì, tí gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún. Bí sítíárìn ọkọ̀ yín bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún, a jẹ́ pé ó ti wà nílẹ̀ yìí kí ọjọ́ yẹn tó dé. Bó bá wà lọ́wọ́ òsì, ẹ yẹ apá ọ̀tún wò dáadáa lábẹ́ ibi tí dírẹ́bà ìbá fẹsẹ̀ sí. Bí ẹ bá rí ihò tí wọ́n fi irin mìíràn pa, wọ́n ṣí i nípò ni, ó dàgbà ju bó ṣe ń díbọ́n lọ. Èkejì ni àpótí ìwé bàbá yín. Rìsíìtì tí wọ́n bá kọ ní pọ́n-ùn àti ṣílè ti wà kí náírà tó dé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1973. Ẹ̀kẹta ni nọ́ńbà ọkọ̀: bó bá ní OY, kò lè ṣáájú ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀. Ọdún tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ nìyẹn máa sọ fún yín, kì í ṣe ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀. Ẹ̀rí kan ò tó, ẹ jẹ́ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára wọn sọ̀rọ̀.

Nọ́ńbà ṣáàsí ló máa jẹ́rìí sí gbogbo rẹ̀. Ẹ wá irin pẹlẹbẹ kékeré nínú ilé dírẹ́bà tàbí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì wá nọ́ńbà tí wọ́n lù mọ́ irin ṣáàsí fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á. Ẹ fi kẹrosín-ìn rẹ ìpẹtà náà mọ́jú, ẹ fi àkísà nù ún, kí ẹ wá fi ẹfun pa á. Ẹfun á wọ inú lẹ́tà, ẹ ó rí i bí ìgbà tí wọ́n kọ ọ́ lánàá.

Wàyí o, ẹ̀yìn. Ẹ kọ́kọ́ wo ilé dírẹ́bà bóyá igi ni ilẹ̀kùn rẹ̀. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ wọn dé ní imú àti ṣáàsí lásán, láìní orí, káfíńtà níbí ló kan gbogbo ìyókù. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, iye rẹ̀ lójú mi ti di ìlọ́po méjì. Ẹ fi orí òòlù kékeré kan àwọn òpó tó dúró ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bó bá dún ketekete, ara rẹ̀ le. Bó bá dún gbọ̀ọ̀, ikán tàbí omi ti jẹ inú rẹ̀. Ìrókò ni àwọn àgbà ọ̀gá máa ń fi ṣe òpó nítorí ikán kì í fẹ́ràn rẹ̀. Afàrà ni wọ́n máa ń fi ṣe pákó ẹ̀gbẹ́ torí ó fúyẹ́, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹrà. Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rù bí pákó ẹ̀gbẹ́ bá ti jẹrà. Bí òpó bá dúró, ọkọ̀ ṣì wà. Ibi tí ẹ ti máa bá ìjẹrà jù ni ibi tí igi ti jókòó sórí ṣáàsí, tí omi òjò ń dúró sí. Kí káfíńtà yín gé ibi tó bàjẹ́ nìkan, kó fi irú igi kan náà tó ti gbẹ dáadáa lẹ̀ ẹ́, kó sì fi rọ́bà táyà àlòkù sí àárín igi àti irin kí wọ́n má fara kanra. Àwọn irin tó rí bí lẹ́tà U tó di igi mọ́ ṣáàsí, ẹ má wulẹ̀ wá a lọ sí Èkó. Ọmọ Ṣakí ni yín. Àwọn alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ á rọ ọ́ fún yín, á sì lágbára ju ti ilé ìtajà lọ.

Mo bẹ̀ yín nípa ọ̀dà rẹ̀. Ní ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ̀mù ní Ìsẹ́yìn, wọ́n gbé irú ọkọ̀ yìí wá kí n tún un kùn. Mo fi sáńpépà họ ọ́ títí igi fi hàn, ó sì wù mí bó ṣe mọ́. Ọmọ ọlọ́kọ̀ dé nírọ̀lẹ́, ó ní kí n fi ibi tí bàbá òun kọ orúkọ ìyá òun sí han òun. Eruku rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ mi nílẹ̀. Ó ti pẹ́ gan-an, n kò tíì gbàgbé ojú ọmọkùnrin náà.

Ẹ dé ìdí ọkọ̀ náà ní kùtùkùtù nígbà tí oòrùn ṣì ń ti ẹ̀gbẹ́ tàn, kí ẹ ya fọ́tò gbogbo ara rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ máa ń gbé lẹ́tà àtijọ́ tó wà lábẹ́ ọ̀dà tuntun yọ. Ẹ fi òwú àti omi ọṣẹ díẹ̀ dán igun kan wò. Bí àwọ̀ bá ń bá òwú lọ, ẹ dúró. Kò sí ohun tó sọ pé ó gbọ́dọ̀ máa dán. Ibi tí lẹ́tà ti parẹ́ ni kí átíìsì fi ọwọ́ kùn, kì í ṣe ibi tó ṣì wà. Ìdí mìíràn wà tí n kò fi fẹ́ sáńpépà gbígbẹ: òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́, eruku rẹ̀ sì lewu, pàápàá fún àwọn ọmọdé tó ń ṣeré lẹ́yìnkùlé.

Ní ti íńjìnnì, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀, torí mẹ́káníìkì dáadáa mọ̀ ọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe so bátìrì mọ́ ọn kó ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti pẹtiróòlù, kí wọ́n tú àwọn púlọ́ọ̀gì, kí wọ́n da ọ́ìlì díẹ̀ sí ihò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n tó rọra fi ọwọ́ yí i. Kí wọ́n fọ táǹkì rẹ̀ mọ́. Ínṣì ni nọ́ọ̀tì rẹ̀: sípánà 13 á fẹ́ jọ pé ó wọ ti ìdajì ínṣì, ṣùgbọ́n yóò bó o lórí. Àwọn ará Pakistan ṣì ń wa Bedford wọn, wọ́n ń kùn ún ní àwọ̀ oríṣiríṣi bíi tiwa, nítorí náà ẹ̀yà rẹ̀ kò tíì tán láyé. Bíréèkì ni kí wọ́n tún ṣe kí ọkọ̀ náà tó yí táyà kan ṣoṣo. Lára àwọn tó pẹ́, ọ̀nà kan ni ọ́ìlì bíréèkì ń gbà dé gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bó bá jò níbì kan, kò sí bíréèkì mọ́ rárá. Kí wọ́n má fi afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku inú rẹ̀, torí asbestos máa ń wà nínú bíréèkì ìgbà náà. Omi ni kí wọ́n fi nù ún.

Ó ṣeé ṣe kó dìde, bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ẹ má ṣe fi gbé èrò mọ́. Pákó ìjókòó yẹn kò lè gba ẹnikẹ́ni là bí ọkọ̀ bá takìtì. Ẹ máa wà á jẹ́jẹ́ lọ síbi ìnáwó, kó gbé ẹrù ìyàwó, kí àwọn ọmọ rí i. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe inú rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn á hun aṣọ tí ẹ máa fi bo ìjókòó fún yín.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, ohun mẹ́ta péré ni kí ẹ ṣe. Ẹ fi jáàkì gbé e, kí ẹ to búlọ́ọ̀kù sábẹ́ ṣáàsí kí ìsàlẹ̀ igi kúrò nílẹ̀. Ẹ kan páànù lé e lórí, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn, torí bí ẹ bá fi ọ̀rá wé e pa, yóò làágùn, yóò sì jẹrà kíákíá. Lẹ́yìn náà, ẹ wo abẹ́ pákó ìdí ọkọ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Ibẹ̀ ni káfíńtà àti átíìsì máa ń kọ orúkọ wọn àti ìlú wọn sí, ní lẹ́tà kékeré. Bí ẹ bá rí i, ẹ béèrè wọn lọ́wọ́ àwọn bàbá àgbà àdúgbò àti àwọn dírẹ́bà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn ṣì wà láyé. Kí ẹ dé ọ̀dọ̀ wọn pẹ̀lú fọ́tò yẹn kí ẹ tó ra agolo ọ̀dà kankan.